Ọjọ́ Òjò, Ọjọ́ Àgbàdo

Bí àgbàdo bá yọmọ tí ọmọ náà kò kún, òjò ni àgbẹ̀ kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Bí ó bá kún dáadáa, irúgbìn ló ń gba ìyìn, pàápàá jù lọ bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rà nínú ọ̀rá, tí oògùn ti sọ di pupa. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa oko náà ń tẹ̀lé ọ̀nà yìí: lọ́dún kan, wọ́n á ní ojú ọjọ́ tó ń yí padà ti ba oko jẹ́, lọ́dún kejì, wọ́n á ní irúgbìn tuntun ti gba àgbẹ̀ là. Ìtàn àgbàdo nílẹ̀ Yorùbá, láti ìgbà tó ti gúnlẹ̀ títí di òní, kò ti èkínní lẹ́yìn, kò sì ti èkejì. Ohun tó ń hàn nínú rẹ̀ léraléra ni pé iye ọjọ́ tí irúgbìn kan ń lò kó tó gbó, àti ibi tí àwọn ọjọ́ náà bọ́ sí láàárín òjò àti ọ̀dá, ló ń sọ iye tí àgbẹ̀ máa rù wálé. Òjò lè pọ̀ lọ́dún kan kí ìkórè má dára, bó bá dá ní ọ̀sẹ̀ méjì tí àgbàdo ń tanná. Irúgbìn tó lágbára jù lọ náà lè já sí pàbó, bí ìtànná rẹ̀ bá bọ́ sínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.

Àgbàdo kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ koríko ìgbẹ́ kan di oúnjẹ ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ọkọ̀ òkun àwọn Potogí ló sì gbé e dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1500 sí 1600. Àríyànjiyàn wà lórí èyí nígbà kan. Ní 1953, awalẹ̀pìtàn A. J. H. Goodwin kọ̀wé nípa àwọn àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí ojú ṣùkù àgbàdo hàn lára wọn, M. D. W. Jeffreys sì fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jiyàn pé àgbàdo ti wà ní Áfíríkà ṣáájú ìrìn àjò Columbus. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà, mo sì rò pé wọ́n jàre, nítorí pé àmì lára amọ̀ nìkan kò tó gbé ẹjọ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n àwọn àpáàdì náà wúlò fún nǹkan mìíràn. Amọ̀kòkò máa ń mú ṣùkù tí wọ́n ti gba hóró kúrò lára rẹ̀, á yí i gbirigbiri lára ìkòkò tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ojú ibi tí hóró jókòó sí á sì tẹ̀ wọ inú amọ̀ ní ìlà ní ìlà. Bí iná bá ti sun ìkòkò náà, ìrísí ṣùkù ọdún yẹn ti di ohun tí kò lè parẹ́ mọ́. Ní 1963, W. R. Stanton àti Frank Willett lo irú àmì bẹ́ẹ̀ láti wá bí irú àgbàdo tí wọ́n ń gbìn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Ìyípadà yìí gan-an ló ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Irúgbìn tí à ń pè ní ti ìbílẹ̀ lónìí náà jẹ́ tuntun nígbà kan. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló ń yàn án, tó tún ń tún un yàn, fún ohun tó lé ní irínwó ọdún.

Kí ló mú kí àlejò yìí tètè rí àyè láàárín iṣu àti ọkà bàbà? Ọjọ́ rẹ̀ kéré. Iṣu àti ọkà bàbà àtijọ́ ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá lórí ilẹ̀. Àgbàdo ń gba mẹ́ta sí mẹ́rin. Ní gúúsù ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò ń gbérí lọ́dún. Àkọ́rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹta, òjò á pọ̀ títí dé oṣù kẹfà àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, á sinmi nínú oṣù kẹjọ, á tún padà nínú oṣù kẹsàn-án, àrọ̀kúrò á sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ní Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ ń tó nǹkan bí 1,200 sí 1,300 mìlímítà lọ́dún. Àgbàdo bọ́ sínú òjò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbìn nígbà àkọ́rọ̀ á ṣeé ṣẹ́ ní tútù nínú oṣù kẹfà àti oṣù keje, nígbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde tí àká sì ti ń ṣófo. Èyí tí wọ́n bá gbìn ní ìparí oṣù kẹjọ á gbẹ sórí pòròpórò rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá dé, á sì ṣeé tọ́jú. Àgbẹ̀ àtijọ́ kò ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn òjò, ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìdájọ́ lọ́dọọdún. Ọmọ àgbàdo tó tètè gbó, tó gùn, tí háhá rẹ̀ bò ó ṣinṣin dé orí kí kòkòrò má ráyè wọlé, ni wọ́n ń so rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fín in di ìgbà tí àkọ́rọ̀ á tún dé. Mo ka iṣẹ́ yìí sí ìwádìí gidi, àwọn tó ṣe é sì yẹ lẹ́ni tí à ń bọlá fún nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ irúgbìn.

Ìdánwò ńlá tó kọ́kọ́ dé bá irúgbìn náà tí ìwé ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀ dáadáa kò wá láti ọwọ́ ọ̀dá. Inú ọ̀rinrin ló ti jáde. Ní 1949, àrùn ìpẹtà kan tó ti Amẹ́ríkà wá, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Puccinia polysora, yọjú ní Sierra Leone. Láàárín ọdún kan sí méjì, ó ti ń jà ní Dàhómì àti Nàìjíríà. Ewé àgbàdo á kún fún èèpá kéékèèké tó pọ́n bí irin tó dípẹtà, tí yóò máa kun ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ewé á sì gbẹ kí ọmọ tó kún. Àrùn yìí fẹ́ràn ooru àti ọ̀rinrin, nítorí náà ibi tí òjò ti pọ̀ jù ló ti jà jù. Àgbàdo tó ti mọ́ ilẹ̀ yìí lára láti ìrandíran kò rí irú rẹ̀ rí, kò sì ní ohun tó máa fi dojú kọ ọ́. Wọ́n dá ẹ̀ka ìwádìí kan sílẹ̀ fún ìpẹtà àgbàdo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Wọ́n kó irúgbìn wá láti Mẹ́síkò àti àwọn erékùṣù Caribbean, níbi tí àgbàdo àti àrùn náà ti jọ gbé pẹ́, wọ́n sì ń dà á pọ̀ mọ́ ti ìhín títí wọ́n fi rí èyí tó lè dúró. Ẹni tó bá sọ pé irúgbìn àwọn baba wa kò já wọn kulẹ̀ rí, ó ti gbàgbé 1950. Ẹni tó bá sì sọ pé òjò púpọ̀ ni ìkórè púpọ̀, ó ti gbàgbé ọdún kan náà.

Nígbà tí wọ́n dá IITA, ilé ìwádìí àgbáyé fún ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru, sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, iṣẹ́ tí Moor Plantation bẹ̀rẹ̀ rí alátìlẹ́yìn tó lówó lọ́wọ́. Irúgbìn TZB àti TZPB jáde láti ibẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà sí iṣẹ́ tó tóbi jù lára iṣẹ́ wọn ìgbà náà ni ìjà wọn pẹ̀lú àrùn tó ń fa ìlà funfun gbọọrọ sí ewé àgbàdo. Kòkòrò kékeré kan tó ń fò láti ewé dé ewé ló ń gbé àrùn náà kiri. Àgbàdo tí wọ́n bá gbìn lẹ́yìn ni ó ń pa jù, nítorí pé kòkòrò náà ti ń pọ̀ sí i lára koríko àti lára àgbàdo tó ṣáájú. Àwọn onímọ̀ náà ń sin kòkòrò yìí fúnra wọn nínú àgò, wọ́n ń tú u sórí àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, wọ́n sì ń yan èyí tí kò kú. Ní 1986, wọ́n gba ẹ̀bùn King Baudouin lórí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irúgbìn yẹn ṣe gan-an. Nígbà tí àrùn kò bá jà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó dá òjò kejì padà fún àgbẹ̀, òjò oṣù kẹsàn-án tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rù láti gbìn sí. Wọ́n fi ọjọ́ kún ọdún àgbàdo. Lórí àrùn ewé mìíràn tó ń jà ní agbègbè Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀, irúgbìn Suwan-1 tó ti Thailand wá ló pèsè ààbò.

Lẹ́yìn èyí ni háíbíríìdì dé. Pòròpórò àgbàdo kan náà ló jẹ́ akọ tó tún jẹ́ abo: òdòdó akọ ń yọ sí orí pòròpórò, abo sì ni ọmọ tó wà ní ìhà rẹ̀, irun kọ̀ọ̀kan tó ń yọ lẹ́nu ọmọ náà sì so mọ́ ibi tí hóró kan ṣoṣo máa jókòó sí. Onímọ̀ irúgbìn á kọ́kọ́ máa fi àtíkè akọ gun abo rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìran dé ìran, títí ìdílé àgbàdo náà á fi tínrín, tí á fi rọ, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn á jọra. Lẹ́yìn náà, á gbin ìdílé méjì irú èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á fọwọ́ fa orí akọ èkínní yọ kó tó tú àtíkè, kí ó lè jẹ́ pé ti èkejì nìkan ni irun rẹ̀ máa gbà. Ọmọ tó bá jáde ń lágbára ju ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ fíìfíì. Agbára yìí kì í dé ìran kejì tán, nítorí náà ẹni tó bá tún hóró rẹ̀ gbìn á rí i pé ìkórè ti fà sẹ́yìn. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dá 1934 àti 1936 ló tan irúgbìn náà ká ní Iowa, nítorí pé àgbẹ̀ fojú ara wọn rí i pé ó dúró nígbà tí àgbàdo àtijọ́ ń rọ. Ìkórè orílẹ̀-èdè yẹn, tó wà ní nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ lórí hẹ́kítà kan ṣáájú àkókò náà, ti tó nǹkan bí 11 lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajílẹ̀, ẹ̀rọ àti gbígbìn ní ṣíṣù náà ní ìpín tiwọn. Ní Nàìjíríà, 1979 ni IITA gbájú mọ́ ọn pẹ̀lú ìtìlẹ́yìn ìjọba àpapọ̀, Soon Kwon Kim tó jẹ́ ọmọ Kòríà sì wà lára àwọn tó ṣáájú iṣẹ́ náà. Kí ẹ̀wádún 1980 tó parí, Oba Super 1, tó jẹ́ funfun, àti Oba Super 2, tó jẹ́ pupa, ti wà lọ́jà.

Ibi tí àgbàdo ti gbilẹ̀ jù lẹ́yìn náà kì í ṣe ilẹ̀ tí wọ́n ti bí àwọn irúgbìn wọ̀nyí. Ní agbègbè Funtua àti Malumfashi ní ìhà àríwá Nàìjíríà, àyíká ilé ni wọ́n ń gbin àgbàdo sí ṣáájú àárín ẹ̀wádún 1970. Láti 1975, àwọn iṣẹ́ ìdàgbàsókè oko tí Báńkì Àgbáyé fowó sí gbé TZB, ajílẹ̀ òyìnbó àti ọ̀nà mọ́tò lọ bá wọn. Nígbà tó fi máa di ìparí ẹ̀wádún 1980, àgbàdo ti gba ipò ọkà bàbà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ó sì ti di ohun tí wọ́n ń tà. Òjò Ìbàdàn kò kéré sí ti Funtua. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òjò Funtua jẹ́ ẹyọ kan, tó ń rọ̀ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún láìsinmi láàárín, oòrùn ibẹ̀ sì ń ràn dáadáa nígbà tí àgbàdo ń kún hóró. Ní ìhà gúúsù, ìkùukùu ń bo oòrùn ní oṣù kẹfà àti oṣù keje gan-an tí ewé nílò ìmọ́lẹ̀, ìsinmi oṣù kẹjọ sì wà níwájú. Irúgbìn kan náà ni, kàlẹ́ńdà òjò ló yàtọ̀.

Àwọn kan á ní ajílẹ̀ ló ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ̀rí wọn kò sì kéré. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí ajílẹ̀ ní 1997, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìhà àríwá dín ilẹ̀ àgbàdo kù, wọ́n sì padà sídìí ọkà bàbà àti ẹ̀wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ béèrè ajílẹ̀. Mo gbà pé irúgbìn tó lágbára lórí ilẹ̀ tí kò ní ọ̀rá kò lè ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lábẹ́ òjò. Bí òjò ńlá bá rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn tí wọ́n fi sílẹ̀, á wọ̀ lọ sísàlẹ̀ kọjá gbòǹgbò. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, kò ní yọ́ dé ibi tí gbòǹgbò ti máa mu ún. Àgbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí òjò máa dúró, kò dá a lójú bóyá owó ajílẹ̀ òun máa padà. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fi díẹ̀ sí i, kì í ṣe pé wọn kò mọ ìwúlò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan òjò nísinsìnyí. Láti nǹkan bí 1968, òjò dín kù gan-an ní Sàhẹ́lì, ọ̀dá 1972 sí 1973 àti ti 1983 sì burú jù nínú wọn. Lẹ́yìn 1990, òjò padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀ bó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ìhà tiwa, àròpọ̀ ọdún kì í ṣe ibi tí ìṣòro ti le jù. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló ń tan àgbẹ̀ jẹ: á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù kẹta, àgbẹ̀ á gbìn, òjò á sì gbé ara rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta títí irúgbìn á fi gbẹ nínú ebè. Ẹni tó bá tún un gbìn á wá bá ara rẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún. Ibẹ̀ ni iye ọjọ́ ti di ọ̀rọ̀ ìkórè. Àgbàdo ọlọ́jọ́ 120 ń yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 65 lẹ́yìn gbígbìn. Bí wọ́n bá gbìn ín ní àárín oṣù kẹrin, irun á yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù. Bí wọ́n bá gbìn ín ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, irun á yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, sínú ìsinmi òjò gan-an. Ohun tí ọ̀dá ń ṣe nígbà náà ṣeé fojú rí: akọ orí pòròpórò kì í dúró de ẹnikẹ́ni, á tú àtíkè rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n irun tí kò rí omi á pẹ́ kó tó yọ. Nígbà tí irun bá fi máa yọ, àtíkè ti tán. Ọmọ tí irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ máa ń bí ní hóró ní ìdí, orí rẹ̀ á sì pá. Ìkórè lè dín kù dé ìdajì, bí òjò ọdún náà tilẹ̀ pé. Àgbàdo ọlọ́jọ́ 90 tí wọ́n bá gbìn lọ́jọ́ kan náà ń yọ irun ní nǹkan bí ọjọ́ 50, ìyẹn ní àárín oṣù keje, ó sì ń bọ́.

Òjò kejì tún le ju èyí lọ. Ẹni tó bá gbìn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ní nǹkan bí 60 sí 70 ọjọ́ kí àrọ̀kúrò tó tán. Irúgbìn ọlọ́jọ́ 120 á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ irun nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, àmọ́ èyí tó ń lo 80 sí 85 ọjọ́ á ti yọ tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, á sì fi omi tó kù nínú ilẹ̀ parí hóró rẹ̀. Irúgbìn tó ń tètè gbó gidigidi yìí ni iṣẹ́ ìwádìí ọkà tí wọ́n ń pè ní SAFGRAD, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, wá fún ilẹ̀ gbígbẹ, tí Baffour Badu-Apraku, ọmọ Gánà, sì gbé síwájú ní IITA fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2007, iṣẹ́ mìíràn tó kan orílẹ̀-èdè 13 ní Áfíríkà fi ìfaradà ọ̀dá kún un, pàápàá jù lọ kí irun má pẹ́ ju akọ lọ. Mi ò fẹ́ pa òtítọ́ kan mọ́: àgbàdo tó tètè gbó kì í bí tó èyí tó pẹ́ lórí ilẹ̀ lọ́dún tí òjò bá pé. Díẹ̀ nínú ìkórè ni àgbẹ̀ fi ń ra ìfọ̀kànbalẹ̀. Ẹni tí kò ní ju hẹ́kítà kan lọ, tí ọdún burúkú kan lè lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀, ìpinnu rẹ̀ láti yan irú èyí bọ́gbọ́n mu ju bí àwọn tó ń fi tọ́ọ̀nù nìkan polówó irúgbìn ṣe ń kà á sí.

Ẹni tó le jù láti dá lóhùn ni ẹni tó bá ní: ó ti lé ní 40 ọdún tí háíbíríìdì ti wà ní Nàìjíríà, ìkórè orílẹ̀-èdè yìí kò sì tíì ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù méjì lọ lórí hẹ́kítà kan, èwo wá ni àǹfààní rẹ̀? Apá kan ìdáhùn ni pé púpọ̀ nínú ohun tó wà lóko kì í ṣe háíbíríìdì. Owó irúgbìn lọ́dọọdún wúwo, irúgbìn àtúnṣe tí kì í ṣe háíbíríìdì sì ṣeé tún gbìn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kó tó bàjẹ́, nítorí náà ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ń yàn, mi ò sì rí àṣìṣe nínú rẹ̀. Apá kejì ni ti ìyá ológì. Hóró àgbàdo àtijọ́ rọ̀, ó kún fún ìyẹ̀fun, ó sì tètè ń lọ̀ kúnná. Ọ̀pọ̀ háíbíríìdì le bí òkúta, torí pé ohun tí adìẹ máa jẹ àti ohun tó máa pẹ́ nínú àpò ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń yàn án. Bí irúgbìn kò bá sì dùn ún ṣe ògì, àgbẹ̀ tó ń tà fún ológì kò ní gbìn ín, bó ti wù kó bí tó. Èyí kì í ṣe agídí. Ọjà tó wà níwájú rẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ní oṣù kìíní 2024, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí irú mẹ́rin àgbàdo TELA, tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà kó lè fara da ọ̀dá àti kòkòrò, láti ọ̀dọ̀ ilé ìwádìí oko ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ariwo tó tẹ̀lé e dá lórí bóyá ó léwu fún ara. Ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ ká tún bi í ni èyí tí ìtàn ti ń bi gbogbo irúgbìn ṣáájú rẹ̀: ọjọ́ mélòó ló ń lò, àti pé ọ̀sẹ̀ wo ni irun rẹ̀ máa yọ ní Ìsẹ́yìn, ní Òndó, ní Kétu? Àwọn mìíràn ní kí a fi ọ̀rọ̀ irúgbìn sílẹ̀, kí a wá omi. Wọ́n jàre ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìdídò Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà ìjọba Ààrẹ Shagari pẹ̀lú ìlérí omi fún oko, kò tíì fún oko ní omi tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ó rọrùn láti rò pé omi tí àgbàdo nílò pọ̀ ju agbára wa lọ. Ṣùgbọ́n àgbàdo tó ń yọ irun kì í mu ju mìlímítà mẹ́fà sí méje lọ lójúmọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, àròpọ̀ rẹ̀ kò pé 100 mìlímítà, kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá òjò tó ń rọ̀ sórí oko kan náà láàárín ọdún.